Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́: ẹ fún àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpáílà ṣe

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) títí dé Dangbo, ní ilẹ̀ Benin,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá, kí n sì tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Lọ́dọọdún, nígbà tí ẹ bá ń pín àkòrí iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní mémoire, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n lọ kọ́ kọ̀ǹpáílà kan, ìyẹn prógíràmù tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di àṣẹ tí pùrósẹ́sọ̀ (ọkàn kọ̀ǹpútà) lè ṣe, ní pùrósẹ́sọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé nípa rẹ̀ nìkan ò tó o. Kí wọ́n ṣe é, kó ṣiṣẹ́, kí ẹ jókòó níwájú wọn kí ẹ rí prógíràmù tó ń sáré.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa wí: "Kí ló kan àwa ará Àjàṣẹ́ nínú kọ̀ǹpáílà? Àwọn tó ń ṣe pùrósẹ́sọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Ṣáínà, àwọn náà ni kó kọ kọ̀ǹpáílà rẹ̀." Èmi náà ti gbọ́ ọ rí, látẹnu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí RISC-V, àkójọ àṣẹ pùrósẹ́sọ̀ kan tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ti jáde. Ọdún 2010 ni Krste Asanović àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Andrew Waterman àti Yunsup Lee, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley, David Patterson náà wà níbẹ̀. Wọ́n nílò àkójọ àṣẹ pùrósẹ́sọ̀ tí wọ́n lè fi kọ́ni kí wọ́n sì fi ṣèwádìí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, wọ́n sì rò pé oṣù mẹ́ta ni àwọn máa fi parí rẹ̀ ní àkókò ìsinmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, iṣẹ́ ilé-ìwé sì ni. Lónìí, àjọ tó ń bójú tó o wà ní Switzerland, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ láìsan owó àṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ìwé àlàyé rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti wọ inú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bí ESP32-C3, tí àwa tó ń kọ prógíràmù fún ẹ̀rọ kéékèèké máa ń rà.

Ẹ sì tún wo bó ṣe pẹ́ tó kí àwọn kọ̀ǹpáílà tó gbà á wọlé. Ọdún 2017 ni GCC, kọ̀ǹpáílà ọ̀fẹ́ tó gbajúmọ̀, gbà á, ní ẹ̀dà 7. Linux fúnra rẹ̀, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018. LLVM, kọ̀ǹpáílà ńlá mìíràn, fi í sí ara àwọn tó fọwọ́ sí pátápátá ní 2019. Kọ̀ǹpáílà èdè Go gbà á ní 2020, fún ìdánwò. Ọdún méje sí mẹ́wàá nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Pùrósẹ́sọ̀ lásán, tí kọ̀ǹpáílà kankan ò mọ̀, irin ni. Àwọn tó sì ṣe iṣẹ́ yẹn, àwọn kan nínú wọn ò sí ní Berkeley.

Kọ̀ǹpáílà tí mo bá yín yàn fún ìbẹ̀rẹ̀ ni chibicc, kọ̀ǹpáílà èdè C tí Rui Ueyama kọ. Ó kéré, ó mọ́ lójú, x86-64, irú pùrósẹ́sọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù, nìkan ló sì mọ̀. Apá iwájú rẹ̀ ń ka ohun tí èèyàn kọ, ó ń tú u palẹ̀. Apá ẹ̀yìn, tó wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ codegen.c, ló ń sọ ohun tí a tú palẹ̀ yẹn di àṣẹ pùrósẹ́sọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹni tí kò tíì ṣe é rí, fáìlì kan yẹn nìkan ló yẹ kí èèyàn tún kọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan kékeré kan, kí ẹ rí bí ó ṣe máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ prógíràmù ìwé gbèsè fún ìyá kan tó ń tajà ní Ouando. Oníbàárà jẹ ìyá ní 3000 séfà. Lórí x86-64, àṣẹ kan ṣoṣo ló máa gbé 3000 sínú rẹ́jísítà (àpótí kékeré inú pùrósẹ́sọ̀ tí nọ́ńbà ń gbé), ọ̀rọ̀ parí. Lórí RISC-V, àṣẹ ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíìtì 32, bíìtì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òdo tàbí 1. Inú bíìtì 32 yẹn ni irú àṣẹ tó jẹ́ gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú rẹ́jísítà tí èsì ń lọ àti rẹ́jísítà tí a ti mú nǹkan. Ohun tó wá kù fún nọ́ńbà nínú àṣẹ tó ń jẹ́ addi kò ju bíìtì 12 lọ, nítorí pé ó sì ń gba nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo, láti −2048 dé 2047 ló lè gbé. 2000 wọ̀ ọ́. 3000 kò wọ̀ ọ́. Àṣẹ mìíràn wà, lui, tó ń gbé apá òkè nọ́ńbà síbi tó yẹ, 1 tí ẹ bá sì kọ síbẹ̀, 4096 ló túmọ̀ sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á pín 3000 sí méjì: òkè jẹ́ òdo, ìsàlẹ̀ jẹ́ 3000 gan-an. Á ti bíìtì 12 ìsàlẹ̀ yẹn wọ inú addi. Pùrósẹ́sọ̀ á wo bíìtì tó wà lókè pátápátá nínú wọn, á rí i pé 1 ni, á ní nọ́ńbà abẹ́ òdo nìyí. Gbèsè 3000 séfà á di −1096. Ìyá tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló wá di ajigbèsè!

Ohun tó tọ́ ni pé kó kọ́kọ́ gbé 4096, kó wá yọ 1096 kúrò lára rẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń ka owó, tó mọ̀ pé àádọ́rin ni ọgọ́rin tó dín mẹ́wàá, tó sì mọ̀ pé ẹgbẹ̀ta tó dín ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò yẹ kí èyí ṣòro fún un. Ó ti ń gun òkè kó tó yọ ìyókù kúrò láti kékeré. Ibi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ibòmíràn ti ń họ orí, àwọn ọmọ wa lè rẹ́rìn-ín kọjá. (Assembler, prógíràmù tó ń sọ orúkọ àṣẹ di bíìtì, ní àṣẹ ìrànlọ́wọ́ kan, li, tó ń bá èèyàn ṣe ìpín yẹn láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹ bá mi kọ̀ ọ́ fún wọn ní oṣù àkọ́kọ́.)

Lẹ́yìn nọ́ńbà ni wọ́n máa bá ìwà ìpe iṣẹ́ pàdé: bí apá kan prógíràmù, tí à ń pè ní iṣẹ́, ṣe ń pe òmíràn, tó sì ń fún un ní ohun tó máa lò, tí mo pè ní ẹrù. Prógíràmù tí kọ̀ǹpáílà wọn bá ṣe kò dá wà, ó gbọ́dọ̀ pe àwọn iṣẹ́ tí GCC ti ṣe sílẹ̀ nínú láíbírì C (àkójọ iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀), bíi printf, tó ń tẹ nǹkan jáde sójú kọ̀ǹpútà. Àdéhùn wà lórí ibi tí èèyàn ń fi ẹrù sí kó tó pè wọ́n. Lórí Linux x86-64, ẹrù mẹ́fà àkọ́kọ́ tó jẹ́ nọ́ńbà odidi ló ń wọ rẹ́jísítà. Ti RISC-V jẹ́ mẹ́jọ, láti a0 dé a7. Ìyẹn rọrùn. Nọ́ńbà onídẹ́símà bíi 2.5 ní àwọn rẹ́jísítà tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti fa0 lọ, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi í síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Á dán an wò pẹ̀lú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ, á rí 2.5. Á dán an wò pẹ̀lú printf, á rí ìsọkúsọ. Á lo ọ̀sẹ̀ kan láti máa wá àṣìṣe nínú ìṣirò tí kò ní àṣìṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé printf jẹ́ irú iṣẹ́ tí iye ẹrù rẹ̀ kò lópin, àdéhùn RISC-V sì sọ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ onídẹ́símà, inú rẹ́jísítà odidi ni kó gbà. Printf ń wo inú a1, akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ẹrù sí fa0. Ìdáhùn yẹn wà nínú ìwé àdéhùn náà, ní gbólóhùn kan péré. Ọmọ tó bá bá a pàdé báyìí kò tún ní fojú ré gbólóhùn kan kọjá nínú ìwé àlàyé mọ́ láyé rẹ̀.

Apá iwájú tí a sọ pé kò kàn wá ńkọ́? Ó kàn wá. Èdè C kò sọ bóyá char, irú nọ́ńbà kékeré tó ń gbé lẹ́tà kan, lè wà lábẹ́ òdo. Ó fi í sílẹ̀ fún pùrósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lórí x86-64, ó lè wà lábẹ́ òdo. Lórí RISC-V, kò lè wà níbẹ̀. Prógíràmù tó ń fi −1 sínú char, tó sì ń bèèrè bóyá ó kéré sí òdo, á máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lórí láàpútọ́ọ̀pù yín, á máa dáhùn "rárá" lórí ẹ̀rọ tuntun, àwọn méjèèjì ló sì tọ̀nà. Long double, irú nọ́ńbà onídẹ́símà tó tóbi jù nínú C, náà yàtọ̀: bíìtì 80 ni ti x86, bíìtì 128 ni ti RISC-V.

Ìpín sí òdo nìkan lè gba odidi ọ̀sán kan nínú kíláàsì yín. Ẹ ní kí x86 pín 7 sí òdo, á dá prógíràmù náà dúró, Linux á gbé e jù sóde. Ẹ ní kí ARM oníbíìtì 64, irú pùrósẹ́sọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, pín in, á dá òdo padà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ ní kí RISC-V pín in, −1 ló máa fún yín, kò ní pariwo rárá. Fún èdè bíi OCaml tó ṣèlérí pé òun á sọ Division_by_zero fún ẹni tó kọ prógíràmù, ọrùn ẹni tó ń kọ apá ẹ̀yìn kọ̀ǹpáílà ni ìlérí yẹn wà: òun ló gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò sí iwájú ìpín, níbi tí x86 ti ń bá àwọn mìíràn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Fífò láti ibì kan sí òmíràn nínú prógíràmù náà ní ìdíwọ̀n. Àṣẹ RISC-V tó ń fi nǹkan méjì wéra kó tó fò kò lè fò kọjá nǹkan bíi báìtì 4096 síwájú tàbí sẹ́yìn. Iṣẹ́ tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpáílà gbọ́dọ̀ yí ìbéèrè padà, kó fo àṣẹ jal tó wà níwájú rẹ̀, èyí tó lè dé nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan. Ìdánwò kéékèèké kì í fi èyí hàn. Ẹ fún wọn ní prógíràmù gígùn.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn áàpù tí àwọn ọmọ wa ń kọ ní gbogbo ọdún fún ilé ìwòsàn, fún ọjà, fún ìforúkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti kọ wọ́n tó. Ọmọ tó bá ti rí gbèsè 3000 tó di −1096, tó sì mọ ìdí rẹ̀ dé inú bíìtì, kò sí áàpù tí kò ní lè kọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ áàpù kò lè ṣe èyí.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹ kò nílò ẹ̀rọ RISC-V kankan láti bẹ̀rẹ̀. QEMU, tí Fabrice Bellard ọmọ ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀, máa ń ṣe bí ẹni pé òun ni pùrósẹ́sọ̀ náà lórí láàpútọ́ọ̀pù èyíkéyìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi Debian, ẹ̀yà Linux kan, sórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, á fi GCC tó ń ṣe prógíràmù fún riscv64 (RISC-V oníbíìtì 64) kún un àti qemu-user, á wà níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti wa àwọn nǹkan yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí dátà wà, kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kódà bí iná bá lọ, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù tó fún un láti dán àtúnṣe wò. Ẹ fi èyí wé áàpù tí kò lè ṣe nǹkan kan láìsí sáfà nílẹ̀ òkèèrè.

Ibì kan wà tí QEMU kì í ti í sọ òtítọ́ tán, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Nínú pùrósẹ́sọ̀ tó ní ọpọlọ mẹ́rin (core ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì), tí ọpọlọ kan bá kọ nǹkan méjì sínú mẹ́mórì, x86 máa ń rí i dájú pé bó ṣe kọ wọ́n tẹ̀ léra ni àwọn yòókù á ṣe rí wọn. RISC-V kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, àfi tí kọ̀ǹpáílà bá fi àṣẹ fence sáàárín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé láàpútọ́ọ̀pù x86 ni QEMU ń sáré lórí rẹ̀, ìwà x86 yẹn á máa bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Nítorí náà, tí iṣẹ́ bá dé orí prógíràmù tó ń ṣe nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá pátákó gidi kan, bíi VisionFive 2 tó ní ọpọlọ mẹ́rin, ẹyọ kan fún gbogbo kíláàsì. Ẹyọ kan tó.

Kí ló dé tí mo ní kí wọ́n jẹ́ méjì? Nítorí pé kíkọ́ kọ̀ǹpáílà ní pùrósẹ́sọ̀ kì í tán lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe Go ti kọ ọ́ sínú òfin wọn pé pùrósẹ́sọ̀ tuntun kò ní wọlé àfi tí ó kéré tán èèyàn méjì bá gbà láti máa tọ́jú rẹ̀, tí ẹ̀rọ kan sì wà tó ń dán an wò ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan padà. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ wo OCaml, èdè tí wọ́n ṣe ní INRIA, àjọ ìwádìí kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Faransé, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ láti ilé-ìwé. Ó ti mọ RISC-V láti 2020. Ní òpin 2022, ẹ̀dà 5.0 jáde, wọ́n tún inú rẹ̀ kọ́ kó lè lo ọpọlọ púpọ̀ pọ̀, x86-64 àti ARM oníbíìtì 64 nìkan ló sì kù tó lè ṣe prógíràmù tààrà fún. Àwọn yòókù padà sí bytecode, àṣẹ tí prógíràmù mìíràn gbọ́dọ̀ máa kà kó tó ṣe é, tó ń falẹ̀. RISC-V padà wọlé ní 5.1, ní 2023. POWER, pùrósẹ́sọ̀ mìíràn, dúró de 5.2, ní 2024. Pùrósẹ́sọ̀ tó bá ní olùtọ́jú á padà. Èyí tí kò bá ní, á dúró síta. Linux yọ pùrósẹ́sọ̀ Itanium kúrò pátápátá ní ẹ̀dà 6.7, ní oṣù kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn tí kò sí ẹni tó dúró tì í mọ́. Bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ná sórí Itanium nígbà ayé rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Èyí ló jẹ́ kí n ní ohun mélòó kan láti bẹ̀ yín fún lórí bí ẹ ṣe ń fún wọn ní máàkì. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpáílà ńlá, wọ́n lè dá a padà fún un léraléra: ẹ tún èyí ṣe, ẹ fi ìdánwò kún un, ẹ pín in sí kéékèèké. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ má ka ìdápadà yẹn sí ìkùnà. Ẹ ka lẹ́tà wọn àti ìdáhùn ọmọ náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ju nínú ojú ìwé ọgọ́rùn-ún tó fi bo mémoire rẹ̀ lọ. Ẹ sì jẹ́ kó gbé iṣẹ́ náà jáde pẹ̀lú àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ kan náà tí kọ̀ǹpáílà yẹn ń lò, lójú ẹsẹ̀ tó bá ti kọ ọ́, kí iṣẹ́ náà má bàa lọ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àlàyé púpọ̀, Faransé ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fún wọn ní àyè kí wọ́n máa fi Yorùbá tàbí Gùn ṣàlàyé fún ara wọn nínú yàrá ìṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fẹ́ràn èyí. Ẹ ṣáà gbìyànjú rẹ̀.

Fún ọdún kejì, nígbà tí chibicc bá ti tán, àkòrí kékeré kan rèé tó dára. Ní 2021 ni wọ́n fọwọ́ sí àfikún RISC-V kan tó ń jẹ́ Zba. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀, sh3add, tó ń sọ nọ́ńbà kan di ìlọ́po mẹ́jọ kó tó fi kún òmíràn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà tí prógíràmù bá ń wá ẹyọ kan nínú àkójọ nọ́ńbà oníbáìtì mẹ́jọ, ìṣirò yẹn gan-an ló ń ṣe, àṣẹ méjì ló sì ń ná lé e tí kò bá sí Zba. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí kọ̀ǹpáílà dá ìrísí yẹn mọ̀, kó fi àṣẹ kan rọ́pò méjì, kìkì nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé pùrósẹ́sọ̀ náà ní Zba. Bó bá fi í sí ẹ̀rọ tí kò ní in, prógíràmù á kú lójú ọ̀nà. Ẹ mú kọ̀ǹpáílà èyíkéyìí tó mọ RISC-V, ẹ ní kí ọmọ ka ohun tó ń kọ jáde, kó wá ibi tí ó ti ń ná méjì níbi tí ọ̀kan ti tó. Ó máa rí i.

Ní tèmi, mo ṣetán láti máa wá ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé láti bá wọn ka iṣẹ́ wọn, láìgba owó, ní oṣù tí ẹ bá pín àkòrí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá dáàbò bo mémoire wọn. Àwọn prógíràmù ìdánwò tí mo ti kọ, láti orí 3000 dé orí fífò gígùn, wà nílẹ̀, màá fi fún olùkọ́ tó bá kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí mo ń retí lọ́dọ̀ yín ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì, àti ìdáhùn kí ẹ tó pín àkòrí ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́,
ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ prógíràmù fún ẹ̀rọ kéékèèké ní Àjàṣẹ́.